Ìrìnàjò Wa sí Lisdoonvarna, Ìlú Alárinà

Lisdoonvarna kò ju ìlú kékeré lọ. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ tí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ló máa ń ya bò ó, ohun tí wọ́n bá wá kò sì fara sin: wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fẹ́. Ẹkùn Clare ni ìlú náà wà, ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, kò jìnnà sí òkun Àtìláńtíìkì. Láyé àtijọ́, àwọn olówó máa ń wá síbẹ̀ láti mu omi ìsun tó ní imí-ọjọ́ àti irin nínú, torí wọ́n gbà pé ó ń wo làkúrègbé. Àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn, ìgbà tí wọ́n bá kórè tán ni wọ́n ń dé, tí koríko màlúù ti wọ aká, tí owó díẹ̀ sì ti wà lápò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti lé ní ogójì ọdún láìníyàwó. Ọmọ tí yóò jogún oko kì í sábà lè gbéyàwó títí bàbá rẹ̀ yóò fi yọ̀ǹda ilẹ̀ fún un, oko kan sì lè jìnnà sí èkejì débi pé ọkùnrin lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó má rí obìnrin kankan àfi ìyá tó bí i. Ibẹ̀ ni alárinà ti rí iṣẹ́ ṣe.

Bí kì í bá ṣe ti Ìyá Ẹgbẹ́ wa ni, ẹsẹ̀ mi kì bá tí tẹ ibẹ̀. Màmá yìí ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí a jọ ń ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Dublin. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì sí ìkómọjáde tàbí ìsìnkú tí ẹ kò ní bá wọn níbẹ̀. Ohun kan ló ń dùn wọ́n lọ́kàn: wọ́n rí i pé iṣẹ́ ń gba ọjọ́ orí lọ́wọ́ àwa ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ òru, onítakisí ń ti alẹ́ bọ òwúrọ̀, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó ń sùn lọ́sàn-án. Bí ọjọ́ Àìkú bá dé, ṣọ́ọ̀ṣì, oúnjẹ, oorun, ó parí. Nílé, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni lè rí ọmọge kan níbi òkú àgbà, kó béèrè pé ọmọ ta nìyẹn, kí ọ̀rọ̀ sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Dublin, ta ni yóò béèrè? Nígbà tí Màmá gbọ́ ìròyìn Lisdoonvarna lẹ́nu obìnrin Clare kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ohun tó ń ṣe àwọn àgbẹ̀ yẹn náà ló ń ṣe wá. Wọ́n háyà bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ orúkọ àwọn àpọ́n àti àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ sínú ìwé, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò," ni mo sọ fún wọn lórí fóònù.

"Ọmọ mi, bọ́ọ̀sì ni mo ní kí o wọ̀, n ò ní kí o wọlé ọkọ."

Ìdí wà tí n kò fi fẹ́ lọ. Mo ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Àfẹ́sọ́nà tí mo fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà tí mo ń bọ̀ ti fẹ́ ẹlòmíràn, ojú ọgbẹ́ ìyẹn ti jinná. Èyí tí kò tíì jinná ni ti ọkùnrin kan tó ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́ ní Dublin, títí ó fi mọ̀ pé ìwé ìgbélùú tèmi náà kò tíì pé. Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù ti dákẹ́. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣe rí yóò mọ bó ṣe nira tó láti lọ jókòó sínú ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ ohun tí àwọn inú rẹ̀ ń wá lọ.

Màmá mọ gbogbo rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe fún ìrìnàjò náà fi hàn pé wọ́n ti rò ó jinlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ó di ìgbà tí a bá ń padà bọ̀. Níbikíbi tí ọkọ̀ bá sì ti dúró, kí oníkálùkù dìde, kó lọ jókòó ti ẹlòmíràn. Òfin àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo láṣẹ, gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lókè òkun ni yóò máa lò ó. Ìwé ṣe pàtàkì, ta ni yóò sọ pé kò ṣe pàtàkì? Àmọ́ tó bá ti ṣáájú wọ yàrá, ìfẹ́ kì í ríbi jókòó mọ́.

A gba ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Kildare kọjá, níbi tí àgùntàn ti ń jẹ̀ káàkiri pápá Curragh, tí wọ́n sì ń fi ẹṣin ìdíje dánra wò ní kùtùkùtù. Ọkùnrin tí Màmá ti fojú sí fún mi ló jókòó tì mí. Ènìyàn dáadáa ni, ó mọ̀wàá hù, àmọ́ ọ̀rọ̀ wa kò wọra. Nígbà tí a dé Portlaoise, Màmá ní kí a pàtẹ́wọ́ fún ìlú náà, a sì pàtẹ́wọ́, torí pé ibẹ̀ ni Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti di olórí ìlú ní 2007. Aláwọ̀ dúdú kankan kò dé irú ipò bẹ́ẹ̀ rí ní Ireland ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 2000 ló wọ orílẹ̀-èdè náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi. A gbé àwọn kan níbẹ̀, a pààrọ̀ ìjókòó. A gbé àwọn mìíràn ní Limerick, létí odò Shannon, a tún pààrọ̀.

Ennis ni a ti gbé àwọn tó kẹ́yìn. Ìlú yìí náà ti fojú rere wo ọmọ wa rí: ní 2004 ni wọ́n dìbò yan Taiwo Matthew, dókítà ọmọ Nàìjíríà, sínú ìgbìmọ̀ ìlú wọn. Ọkùnrin kan wọlé níbẹ̀ tí kò jókòó ti ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Láti Ennis lọ síwájú, ọ̀nà ń fún, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, bí katakata bá ń bọ̀ níwájú, ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn rìn padà. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo kọ́nà. "Ẹ rọra o, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bẹ níwájú. Ẹ yà sósì lẹ́yìn afárá yẹn." Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, mo sì ń gbọ́ ohùn Èkìtì tí ọ̀pọ̀ ọdún kò tíì fọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán ni a wọ Lisdoonvarna, orin ti gba ìgboro kan. Ní ayẹyẹ oṣù Kẹsàn-án yìí, wọn kì í dúró de alẹ́ kí wọ́n tó jó. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin dé fìlà, wọ́n wọ kóòtù, àwọn obìnrin fi bàtà ijó sínú báàgì, wọ́n ń ti òtẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn. Àkọ́díọ̀nù ló ń ṣáájú ìlù, ẹni tó bá sì ti gbọ́ I.K. Dairo rí, ohùn yẹn kò lè ṣàjèjì sí i. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá ará Galway kan jókòó tì mí, kò tíì mọ orúkọ mi tó fi sọ fún mi pé ọkọ òun ti kú, pé ilé òun tóbi, pé òun ń wá ẹni tí àwọn yóò jọ máa jẹun alẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ń wá iyọ̀ rà. Àwọn mìíràn níbẹ̀ ti kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré ní orílẹ̀-èdè yìí, torí 1995 ni wọ́n tó dìbò pé kí òfin gba ìkọ̀sílẹ̀, díẹ̀ bíńtín sì ni ìbò àwọn tó fara mọ́ ọn fi ju ti àwọn tí kò fara mọ́ ọn lọ.

Ojú kò ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ tú okùn kan lọ́kàn mi nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ti mọ ìdí tí gbogbo ènìyàn fi wá, kò wá sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi pamọ́ mọ́. Àgbà àgbẹ̀ kan na ọwọ́ sí mi pé kí a jó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ kan ti dúdú níbi tí nǹkan ti fún un, ó sì ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta lábẹ́ ẹnu kí ẹsẹ̀ wa má baà ṣì. Ó bi mí pé màlúù mélòó ni bàbá mi ní. Mo ní olùkọ́ ni bàbá mi, wọn kò ní màlúù. Ó ronú díẹ̀, ó ní iṣẹ́ olùkọ́ náà dára. Nígbà tí orin parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sìn mí padà sórí ìjókòó mi bí ẹni ń sin olorì.

Alárinà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù níbẹ̀ ni Willie Daly. Bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Igun kan nínú ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Matchmaker Bar ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé ńlá kan tó ti gbó, tí wọ́n fi okùn dì kí ewé rẹ̀ má baà fọ́n ká. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ méjèèjì kan ìwé yẹn, tó di ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 7, kó tó pé oṣù 6 yóò ti ṣègbéyàwó. Ní ìgbà àwọn bàbá rẹ̀, ìdúnàádúrà ni iṣẹ́ náà. Bàbá ọmọbìnrin á rin oko ọkùnrin já, á ka màlúù, á béèrè gbèsè, wọn á wá jọ sọ̀rọ̀ owó, ìdílé ìyàwó ló sì ń mú owó wá lọ́dọ̀ tiwọn. Alárinà tiwa náà ṣe irú iṣẹ́ yìí: ó ń wádìí wàrápá, ó ń wádìí wèrè, ó ń béèrè irú ènìyàn tí ìdílé náà jẹ́ nígbà tí ojú bá pọ́n wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àṣà yẹn kò fi àyè sílẹ̀ fún ìfẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Alárinà kò dá ìfẹ́, kò sì sọ pé òun lè dá a. Ó ń kó ẹ̀gún ojú ọ̀nà kúrò ni, kí ẹni méjì lè rìn bá ara wọn láìbẹ̀rù.

Màmá lọ kí i, inú wọn dùn bíi ti ẹni tó rí ẹgbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará bọ́ọ̀sì wa tò láti fọwọ́ kan ìwé náà. Èmi jáde síta. Ọkùnrin Ennis náà ti wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri.

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án?" ó béèrè.

"Rárá o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi orúkọ mi sílẹ̀. Àwọn ló yẹ kó wá fọwọ́ kàn án."

A rẹ́rìn-ín. Inú ilé ọtí náà ni wọ́n ti gbé orin Jim Reeves sókè lójijì. Ọmọ Amẹ́ríkà ni olórin yìí, ó wá kọrin yíká Ireland ní 1963, ọkọ̀ òfuurufú tó ń wà já pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún kejì. Ilé wo ló ní giramafóònù nílẹ̀ Yorùbá nígbà èwe wa tí kò ní àwo rẹ̀? Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi máa ń lò ó. Bí mo ṣe la ẹnu ni mo gbọ́ pé ọkùnrin yìí ti ń kọ ọ́, ó sì mọ̀ ọ́n dé ìlà tó kẹ́yìn. A jọ kọ ọ́ tán níta níbẹ̀. Àwọn àgbà Clare tó ń mu sìgá nítòsí yíjú padà wò wá, wọ́n sì bá wa gbè é.

Ó ní kí a rìn lọ wo ìsun omi tó sọ ìlú náà di olókìkí. Kó o tó débẹ̀ ni imú rẹ yóò ti mọ̀, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ni imí-ọjọ́ máa ń mú wá. Omi méjì ló ń jáde nítòsí ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan ní imí-ọjọ́, ọ̀kan ní irin, òkúta tí omi irin ń ṣàn lé ti pọ́n bí ilẹ̀ Èkìtì. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun rí i, Ìkògòsì ló wá sí òun lọ́kàn, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, àti pé òun ti ṣèlérí fún ọmọ òun pé òun á mú un débẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ó ní ọmọ. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, òun nìkan ló ti ń tọ́ ọ láti ìgbà náà, òun ló sì ń dì í nírun. Ó gbé ìka rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, òróró irun tó fi dì í láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì ń dán lẹ́bàá èékánná. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kò ṣòro fún un, ó ní ṣùkú ni kò gbà fún òun, gbogbo ìgbà ló ń tú lókè kí ọmọ tó dé ilé ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń parí rẹ̀ kó má tú?"

Mo fa koríko gígùn lẹ́bàá odò, mo pín in sí mẹ́ta. Mo fi hàn án bí a ṣe ń gba abẹ́, bí a ṣe ń ti etí bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ń gòkè pàdé, bí ó ṣe yẹ kó fún un díẹ̀ bó bá ku ìwọ̀n ìka kan. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi. Ó gba koríko náà, ó dì í, ó tú. Ó tún un dì. Ìgbà tó dúró, ó fi hàn mí láìsọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Mo ti pàdé ọkùnrin tó sọ fún mi pé òun lówó, mo ti pàdé èyí tó sọ pé òun lágbára àdúrà. N kò tíì rí èyí tó fẹ́ mọ bí ṣùkú ọmọ rẹ̀ ò ṣe ní tú.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá kó wa lọ wo Burren, ilẹ̀ òkúta ẹfun tó lọ salalu tí òdòdó ń hù láàárín ihò rẹ̀, a sì dé orí bèbè Moher, tó ga tó mítà 214 sókè òkun níbi tó ga jù. Ìjì ń fẹ́. Ó dára, ẹ lọ wò ó. Èmi kò rántí púpọ̀ nínú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ wa kò tíì tán.

Òfin Màmá ló sọ pé ẹnu á ṣí nípa iṣẹ́ bí a bá ń padà. Ọkùnrin náà ní ọkọ̀ alágbá tó ń kó wàrà lóko ni òun ń wà, ìdí nìyẹn tí òun fi mọ gbogbo kọ́nà Clare. Mo ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wà, iṣẹ́ òru. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ennis, ó ní kí n yé máa fi "ẹ" bá òun sọ̀rọ̀. Àwọn ìyókù ń retí pé Màmá á fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, àmọ́ wọn kò béèrè ohunkóhun. Ìyàwó tó bá ti mojú ọkọ, alárinà á yẹ̀bá, wọ́n ní, wọ́n fi gèlè bojú, wọ́n sùn títí dé Dublin.

Kòrónà dé kí ọdún náà tó yí po. Ní ìparí oṣù Kẹta 2020, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá kìlómítà 2 sí ilé rẹ̀ láìsí ìdí pàtàkì, bí iṣẹ́ tó pọn dandan. Àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ni ikú kọ́kọ́ wọ̀ jù ní Ireland. A sìnkú àwọn tí mo ti ń fún ní tíì láràárọ̀, àwọn ọmọ wọn dúró lẹ́yìn fèrèsé. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń jáde níbi iṣẹ́, àárọ̀ kùtù náà ni òun wà lójú ọ̀nà, torí màlúù kò mọ̀ pé àrùn wà, wọ́n gbọ́dọ̀ fún wàrà wọn, kí ọkọ̀ sì wá gbé e. Ó máa ń pè mí láti inú ọkọ̀. Nígbà mìíràn n kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu, òun náà á kàn máa wakọ̀ lọ, fóònù á sì wà ní títàn. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà tí ìjọba ṣí ọ̀nà, ó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Dublin. Ṣùkú wà lórí ọmọ náà, ó dúró ṣánṣán.

Lórí Zoom ni a ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n wà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, wọ́n wà ní Ìbàdàn, alága ìdúró ń kọrin láti London, mo sì kúnlẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà kí bàbá ọkọ mi gbàdúrà fún mi. Òfin Ireland ní kí ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó fi tó ìjọba létí ní oṣù 3 ṣáájú, a ṣe bẹ́ẹ̀, oṣù Kọkànlá ni ó bọ́ sí. Èèyàn 25 péré ni òfin gbà láyè nígbà náà. Màmá gbọ́ iye yẹn, wọ́n sì lọ dáná fún àádọ́jọ, wọ́n ní àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná fún èèyàn 25.

Oúnjẹ tó kù, wọ́n dì í sínú kúlà fún àwọn tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì. Màmá pín ti Dublin fúnra wọn. Ti Portlaoise àti Limerick, wọ́n kó o sí bùútù ọkọ̀ wa, torí ọ̀nà ilé wa ni. Ọmọ wa ló ń sọ̀ kalẹ̀, á gbé kúlà sẹ́nu ọ̀nà, á tẹ aago, á sì sá padà wọnú ọkọ̀. Ní Limerick, arákùnrin tó ṣílẹ̀kùn pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé ṣé ẹran wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi yọ orí sí i pé ẹran wà, pé ṣàkì náà wà ńbẹ̀.